Omi Odò Nínú Bátìrì

"Ṣé bàbá rẹ á mọ̀ ni?" Ṣubúọlá fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tàwàkálítù lẹ́gbẹ̀ẹ́. "A ó gbé e lọ, a ó gbé e bọ̀. Tàwà, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ló ń lọ ilé ọkọ lónìí o!"

Inú ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá Sàláwù, bàbá Tàwà, ti ń fi iná sí bátìrì ọkọ̀ ní Bọ́ládé, Òṣòdì, ni wọ́n wà. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, lọ́dún 1964. Bàbá ti lọ kí ẹbí ní Abẹ́òkúta, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù ti ọmọ rẹ̀ yìí, tó ti wà ní kíláàsì ìkẹyìn nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sú Bàbá sọ: bátìrì oníbàárà kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan lẹ́yìn tí iná bá ti kún inú rẹ̀, àfi kó dúró de ẹni tó ni ín. Àmọ́ bátìrì Ògúndélé, dírẹ́bà tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, kàn jókòó jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ni. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè.

"Gíramafóònù ti wà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti wà," ni Ṣubúọlá tún wí. "Iná tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tí a ó fi sin ìyàwó ni kò sí. Àbí o fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi yọ́ wọlé ọkọ bí ẹni tó ń sá fún agbowó-orí?"

Ẹ̀rín pa Tàwà. Ó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìgbéraga díẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, ká má purọ́: ọmọbìnrin mélòó ní gbogbo Òṣòdì ló mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà mọ́ bátìrì? Ó ṣe òṣùká, ó gbé bátìrì rù, ó di inú bọ́lẹ́kájà tó ń lọ sí Ìsọlọ̀.

Háà, ẹ ò bá rí ọkọ̀ ojú omi náà ní Òkè Àfà, ní Ìsọlọ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ náà! Àgbékẹ́ ìyàwó jókòó sáàárín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Tàwà so wáyà, ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù lé gíramafóònù, orin sì bú jáde débi pé àwọn tó ń fọṣọ létí odò fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n ń jó. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá mì ni abẹ́rẹ́ gíramafóònù ń fò, tí olórin á sì tún ohun tó ti kọ kọ. Àwọn èrò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Inú Tàwà dùn dọ́ba.

Ohun kan ló gbàgbé. Tí wọ́n bá ń fi iná sí bátìrì, wọ́n máa ń tú àwọn ìdérí orí rẹ̀ kó lè mí. Tàwà kò dé wọn padà. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ṣe jó sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, ọkọ̀ fì, bátìrì dojú dé, omi inú rẹ̀ tó lè jó ara bí iná sì dà sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí kò kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohùn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í fà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn.

"Omi inú ẹ̀ ló dà nù!" ni Ṣubúọlá kígbe. "Omi sì rèé tó yí wa ká!"

Tàwà mọ̀ pé omi òjò tí wọ́n gbè sínú ìgò mímọ́ nìkan ni bàbá òun ń bu sí bátìrì. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń wò ó. Ó bu omi odò tòun ti ẹrẹ̀, ó rọ ọ́ sínú bátìrì. Orin ta jí díẹ̀, ó sì dákẹ́ pátápátá. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi sin ìyàwó dé èbúté.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tàwà ti gbé bátìrì padà sórí bẹ́ǹṣì, ó nù ún, ó dé e. Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, Tàwà kò jẹ́ kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀, Ògúndélé gbé bátìrì sínú ọkọ̀ rẹ̀, tó ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù láti Sátidé. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, ọkọ̀ ò tiẹ̀ wúkọ́.

"Bàbá Sàláwù, kí lẹ ṣe sí bátìrì mi?" Ariwo rẹ̀ kó èrò jọ. "Àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró dè mí! Ṣé iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe fún èèyàn báyìí nìyí?"

Bàbá ṣí ìdérí kan, ó rí ẹrẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tàwà dorí kodò.

"Ẹ má bínú, Dírẹ́bà," ni Bàbá wí. "Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà. Ẹ̀bi mi ni."

Tàwà kò tíì rí i rí kí bàbá rẹ̀ máa bẹ ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́. Bí òun bá dákẹ́, orúkọ rere tí Bàbá ní ní gbogbo Bọ́ládé yóò bàjẹ́ lójú òun. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe Bàbá mi. Wọn ò sí nílé. Èmi ni mo gbé e lọ sódò, èmi ni mo bu omi odò sí i."

Ògúndélé lajú sílẹ̀. "Omi odò? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹja lo fẹ́ sìn nínú ẹ̀ ni?" Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn èrò sì bá a rín in.

Bàbá wọlé, ó yọ bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́ rédíò nílé, ó gbé e fún Ògúndélé pé kó máa lò ó lọ. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ tán, ó fa ọmọ rẹ̀ dìde.

"Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò á wá gbọ́ ìròyìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìwọ ni wàá sọ ìdí tí rédíò ò fi fọhùn."

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dé lóòótọ́, wọ́n jókòó. Tàwà dìde níwájú wọn.

"Ẹ má bínú. Rédíò ò ní fọhùn. Ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wa kì í ṣe tiwa, àmọ́ èmi fi ti oníbàárà ṣe fàájì. Mo sì fi àṣìṣe mi pamọ́, títí bàbá mi tó fẹ́ràn mi fi fẹ́ rù ú fún mi. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bàbá sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí ọmọ òun wá jókòó.

"Ẹ ti gbọ́ ìròyìn tòní," ni Bàbá wí. "Kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀."