Ẹni Kẹta Nínú Bàálù Funfun

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó lọ bi Reuben. Ó ṣì ń gbé Dagenham ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì tíì yí ẹnu padà.

Pápá bàálù kékeré kan wà létí odò, lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Ṣùáíbù ló ń wa katakata tó ń ha yìnyín kúrò lójú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Barking Riverside lòun àti Hùmúàní ìyàwó rẹ̀ ń gbé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, òtútù mú bí abẹ. Kùrukùru bo odò. Ṣùáíbù ti ha ìlàjì ọ̀nà náà. Ìlàjì yòókù ń dán bíi dígí. Rédíò tó so mọ́ àyà sọ̀rọ̀. Reuben ni, ọmọ Àkúrẹ́ tó máa ń dá àwọn awa-bàálù lóhùn láti inú ọ́fíìsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò lójú ọ̀nà! Ẹnìkan ń bọ̀!"

"Ṣebí a ti ti pápá pa lónìí?"

"Mo sọ fún un. Kò dáhùn."

Ṣùáíbù yà sórí koríko. Ó tẹ́tí. Ẹyẹ odò kan ò ké. Lójijì ni bàálù funfun já jáde nínú kùrukùru, ó ti sún mọ́lẹ̀ jù. Táyà kan ilẹ̀. Kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Apá òsì gbá ilẹ̀, ó fà ya. Bàálù náà ta òkìtì lẹ́ẹ̀mejì, irin ń ké, dígí ń fọ́n ká. Ó dojú dé.

Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ṣùáíbù sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi àgbọ̀n lu yìnyín, eyín kan kán. Ó tu ú dànù tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, ó tún sáré. Epo ń kán, tó, tó, tó. Awa-bàálù ti já síta, egungun itan rẹ̀ yọ láti inú ṣòkòtò. Obìnrin kan ṣì wà nínú bàálù, bẹ́líìtì gbé e kọ́ sókè, ojú rẹ̀ là. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Ṣùáíbù.

Bí Ṣùáíbù ti fẹ́ gbá a mú, ọwọ́ mìíràn yọ láti ẹ̀yìn ìjókòó obìnrin náà, ó di ọrùn ọwọ́ Ṣùáíbù mú. Ọwọ́ náà tutù bí ẹja inú fìríìsà.

"Ṣùáíbù, má fi mí sílẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ṣùáíbù gbìyànjú láti já ara rẹ̀ gbà, kò ṣeé ṣe. Ó ní kóun yáa kọ́kọ́ gbé èyí tó di òun mú. Ó fà á jáde. Ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ó ń wọ́ ọ lórí yìnyín, gìgísẹ̀ ọkùnrin náà ń ha ilẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí koríko. Ọwọ́ náà tú.

Bó ti yíjú padà, iná sọ.

Obìnrin náà ké lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ṣùáíbù ki ọwọ́ bọ iná, awọ ọwọ́ rẹ̀ bó. Reuben ló fi agbára wọ́ ọ kúrò. Nígbà tí wọ́n máa bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́ni lórí koríko.

Reuben rí ipa gìgísẹ̀ méjì lójú yìnyín, láti ẹ̀bá bàálù dé orí koríko. Ibẹ̀ ni ipa náà parí sí. Ọlọ́pàá fi ajá wá etí odò fún ọjọ́ méjì, wọn ò rí ẹnì kan. Ènìyàn méjì péré ló wọ bàálù: Olúfẹ́mi tó wà á, lọ́yà kan láti àdúgbò Abbey, àti Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ tó jóná. Ìjókòó ẹ̀yìn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ tipẹ́.

Nílé, Hùmúàní ń fi òrí pa ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀, níbi tí ojú ìka márùn-ún ti dúdú.

"Baba Jannah, ta ló sọ orúkọ yín fún un?"

"Kò sẹ́ni kankan."

Hùmúàní dé agolo òrí. 

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ṣùáíbù lọ kí Olúfẹ́mi ní ọsibítù. Olúfẹ́mi wò ó títí.

"Mo dá yín mọ̀, sà. Mo wà nílẹ̀, ojú mi là."

"Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Kí ló dé tí ẹ ò yọ ọ́?" Ó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi nawọ́ sí yín. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀, ẹ ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹ ń wọ́ nǹkan tí kò sí. Ọwọ́ yín ṣófo, sà! Afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń wọ́!"

"Ẹnìkan dì mí mú," ni Ṣùáíbù wí. "Kò jẹ́ kí n lọ."

Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Olúfẹ́mi wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, inú tó ń bí i kúrò lójú rẹ̀, nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ó rọra fa ọrùn aṣọ ọsibítù sísàlẹ̀. Ìka márùn-ún wà lọ́fun tirẹ̀ náà, dúdú, kedere.

"Ká tó balẹ̀ ni," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Láti ẹ̀yìn. Mo rò pé Bímbọ́lá ni, pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn, sà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn."

Ṣùáíbù jókòó tì í títí nọ́ọ̀sì fi wá sọ pé àsìkò àlejò ti parí.