Àbàrí Ìyá Bùsírá

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Jùbrílù, olè ni mo pè é. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹmọ̀, l'Abẹ́òkúta, láàárọ̀ Sátidé kan, mo bá ọkùnrin kan tí n kò rí rí tó gbé sílíńdà gáàsì wa lé èjìká, ó ń gbé e jáde lọ.

"Gbé e kalẹ̀!" Mo pariwo. "Olè! Nínú ilé Ọlọ́run!"

Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bíi ẹni tó ń kí àgbà. "Àǹtí, ẹ kú àárọ̀. Ó ń jò ni. Àwọn ìyá ló ní kí n wá gbé e. Àbí ẹ fẹ́ kí n dá a padà, ká jọ gba ibẹ̀ lọ sọ́run?"

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín àwọn ìyá. Ojú tì mí débi pé mo wọ ibi ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Hephzibah lorúkọ mi. Màmá mi, Beatrice, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Nígbà tí ọjà gbówó lórí kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Owó Kékeré, Ikùn Kíkún. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹnì kan á kọ́ àwọn yòókù ní oúnjẹ tí kò gba owó púpọ̀, irú bíi ọbẹ̀ tí a fi wàrà sóyà sè dípò ẹran, tàbí ìrẹsì tí a bu ẹ̀wà mọ́ kó lè yó ilé ọlọ́mọ púpọ̀. Òfin kan ni wọ́n ní: ẹni tó bá kọ́ni gbọ́dọ̀ sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ ọ. Màmá mi ló ṣòfin yẹn. Ó ní oúnjẹ tí kò bá ní ìyá, ọmọ òrukàn ni.

Nígbà tí Jùbrílù, tó ń ta gáàsì kiri, gbé sílíńdà tuntun dé, wọ́n bu ìrẹsì fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wò mí.

"Oúnjẹ yín dùn, ṣùgbọ́n iyọ̀ ibẹ̀ ti rìnrìn àjò."

"Èmi ni mo sè é," mo dá a lóhùn, mo sì lejú mọ́ ọn.

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ ẹ́ tán."

Ó gba nọ́ńbà mi lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni tó bá pe òun lólè, ó yẹ kó mọ ilé òun, torí àtiwá mú òun. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Ọlọ́pàá mi. Ká tó rí oṣù mẹ́rin, mo ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ tí onígáàsì kan ń lu sílíńdà lójú pópó, àyà mi á já.

Màmá mi ò fẹ́ gbọ́.

"Hephzibah, ṣé Mùsùlùmí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Ìyá Bùsírá ni mà. Ìyá tó ń ta àbàrí nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn."

"Àbàrí!" Màmá mi di orí mú. Títí dòní, n kò mọ èyí tó dùn ún jù nínú mọ́ṣáláṣí àti àbàrí.

Ẹ̀sìn ò yọ Ìyá Bùsírá lẹ́nu ní tiẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin wà ní Mẹ́tọ́díìsì, pé ọ̀dọ̀ ìyẹn làwọn ti máa ń ṣe Kérésì, ọ̀dọ̀ òun làwọn sì ti máa ń jẹ ẹran Iléyá. "Ẹnu lẹ ó fi bá ara yín gbé," ló wí, "kì í ṣe ìwé ẹ̀sìn."

Ọjọ́ kan ló pè mí wọ ilé ìdáná rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé eṣinṣin ló ń lé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àbàrí mọ̀ pé oúnjẹ agbàdo tútù ni. A ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, a ó fi epo sí i, a ó pọ́n ọn sínú ewé bíi mọ́ínmọ́ín, a ó sè é. Bí àsìkò agbàdo tútù bá ti kọjá, ó tán. Ṣùgbọ́n Ìyá Bùsírá nìkan ló ń ta tirẹ̀ láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, tí yóò sì rọ̀ bíi pé àná ni wọ́n ya agbàdo rẹ̀ lóko. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà, ó fi hàn mí. Agbàdo gbígbẹ ló ń rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí á máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tó bá lọ̀ ọ́ tán, á rin kókò sí i, kó lè rọ̀, kó sì dì mọ́ra.

"O ti rí i?" ó bi mí.

"Mo ti rí i mà."

"Ó dáa." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìfẹ́ ló sọ mí di òmùgọ̀, n kò ní purọ́. Mo ń wá ohun tí màmá mi á fi rí ìyá yẹn bí ẹni iyì. Nígbà tó kàn mí láti kọ́ni nínú oṣù Kejì, mo ru agbàdo àti kókò lọ sí gbọ̀ngàn. Gẹ́gẹ́ bí òfin wa, mo dìde, mo ní, "Ìyá Bùsírá, ìyá àfẹ́sọ́nà mi, ló kọ́ mi." Ó dùn mọ́ mi nínú láti sọ ọ́. Àwọn ìyá jẹ ẹ́, wọ́n lá ewé. Màmá mi fúnra rẹ̀ jẹ méjì, ó ní, "Obìnrin yìí lọ́gbọ́n o." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ẹnì kan ti fi fóònù gbà á sílẹ̀. Kò tó oṣù kan, obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ti ń ta àbàrí. Méjì wà nínú Ìjẹmọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan nínú wọn kò jìnnà rárá sí ìsọ̀ Ìyá Bùsírá. Ẹnì kẹta ni Yéwándé, opó kan tó ń gbé ní Kọ́bapẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Jùbrílù wá bá mi. Kò pè mí ní Ọlọ́pàá rẹ̀.

"Hephzibah, kí lo fi màmá mi ṣe?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tó ń gbé bàsíà rẹ̀ wálé bó ṣe gbé e lọ. Lónìí, oníbàárà rẹ̀ kan bẹ́ sẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ìyá, a ti mọ̀ ọ́n, kókò ni, àbí?' Màmá mi wọlé, ó ń sunkún. Mi ò rí i kó sunkún láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú."

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ìyá náà, mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi," ló wí, kò wo ojú mi. "Ìyá ọkọ tirẹ̀ ló kọ́ òun náà. Bùsírátù tí mo fi inú mi bí, mi ò kọ́ ọ, torí ilé onílé ló ń lọ. Ìyàwó ilé là ń kọ́. Ìwọ ni mo kọ́, Hephzibah. Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́ ní ìyàwó níta, mo ti gbà ọ́ nínú ilé."

"Màmá, ẹ ò sọ fún mi pé kí n má sọ ọ́."

"Ṣé ó yẹ kí n sọ ọ́ ni? Mo ti ilẹ̀kùn!"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo rò pé eṣinṣin ló ń lé? Mo dorí kodò. Omijé mi ń kán sílẹ̀.

"Lọ sọ fún wọn kí wọ́n fi í sílẹ̀," ló wí. "Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ni kí o tó padà wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mi ò ní fẹ́ ọ. Mo ti wí i."

Mo rò pé inú màmá mi á dùn pé n kò ní fẹ́ Mùsùlùmí mọ́. Ẹ wò ó, bí mo ṣe rò ó kọ́ ló rí. Ó ní, "Èmi tí mo ní kí oúnjẹ ní ìyá, èmi ni mo wá jókòó tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀." Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó bẹ àwọn obìnrin yẹn, òun tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn méjì tó wà ní Ìjẹmọ̀ gbà láti fi í sílẹ̀. Yéwándé ò wá sípàdé.

Èmi fúnra mi ni mo wọkọ̀ lọ sí Kọ́bapẹ́. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jọ látilé. Mo bá a létí títì lábẹ́ agbòjò, àbàrí wà níwájú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jókòó sórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń jẹun. Bó ṣe rí mi ló kúnlẹ̀.

"Àǹtí Hephzibah! Ọlọ́run ló rán yín sí mi. Èyí àgbà ti padà síléèwé. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ìgbà yìí ni wọ́n tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dìde, ẹ kí àǹtí yín!"

Àwọn ọmọ náà kí mi pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí mo kó jọ pòórá. Mo ra àbàrí márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sunkún nínú ọkọ̀ títí tí a fi dé Abẹ́òkúta.

Ilé Ìyá Bùsírá ni mo gbà lọ tààrà. Jùbrílù wà níbẹ̀.

"Àwọn méjì ti fi í sílẹ̀ mà," mo ní. "Ó ku ẹnì kan."

"Kò gbà?"

"Mi ò bi í mà."

Ìyá gbójú sókè. "Kí lo wí?"

"Ọmọ mẹ́rin ló ní. Opó ni. Mi ò lè gba oúnjẹ náà lẹ́nu wọn. Ẹ dárí jì mí. Ohun tí ẹ ní kí n ṣe, mi ò lè ṣe é." Mo gbé ọ̀rá àbàrí náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Tirẹ̀ nìyí."

Kò fọwọ́ kàn án. "Máa lọ sílé yín," ló wí.

Jùbrílù sìn mí dé ìyànà.

"Ó yẹ kí o bi í," ó ní. "Ó yẹ kí o kàn bi í, Ọlọ́pàá mi."

"Ká ní ìwọ lo débẹ̀, ṣé wàá bi í?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Àbàrí yìí ni màmá mi fi tọ́ mi. Mi ò lè mú ẹni tí kò fẹ́ wá jókòó tì í."

"Mo mọ̀."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí," mo ní. Mo kúrò níbẹ̀ kíákíá, kí n má bàa pariwo ẹkún láàárín ọjà.

Ọjọ́ mọ́kànlá. Mo kà wọ́n. Màmá mi á gbé tíì wá sí yàrá mi, á jókòó tì mí. Lọ́jọ́ kan ló ní, "Ọmọ mi, ohun tí o ṣe ní Kọ́bapẹ́ yẹn, mo fi ọ́ yangàn." Ẹkún tuntun ni ìyẹn fà.

Lọ́jọ́ kejìlá, Bùsírátù kanlẹ̀kùn wa.

"Màmá ní kí o mú obìnrin Kọ́bapẹ́ yẹn wá ní Ọjọ́bọ̀."

"Kí ló dé? Ṣé ó fẹ́ bú u ni?"

"Èmi ò mọ̀ o. Ó jẹ àbàrí yẹn nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ráhùn káàkiri ilé."

Ọjọ́bọ̀ pé. Mo mú Yéwándé lọ sílé wọn. Ìyá Bùsírá jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná.

"Ìwọ lo se èyí tí wọ́n gbé wá fún mi?" ó bi Yéwándé.

"Èmi ni mà. Ẹ má bínú mà."

"Ọjọ́ mélòó lo fi rẹ agbàdo?"

"Ọjọ́ kan mà."

"Ọjọ́ kan!" Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ó le bí òkúta! Wọ́n á sì máa sọ ní Kọ́bapẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti wá! Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni? Jókòó síbí. Bí o bá máa tà á, wàá tà á bó ṣe yẹ. Ìjẹmọ̀ ni tèmi, Kọ́bapẹ́ ni tìrẹ. O gbọ́?"

Yéwándé dojú bolẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún. Ìyá ní kó dákẹ́, kó wá wo omi agbàdo.

Èmi ńkọ́? Kò kí mi. Ó fi ẹsẹ̀ ti abọ́ kókò kan sí iwájú mi, ó sì ju páànù tí wọ́n fi ń rin ín lé e. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rin kókò. Mo rin ọ̀kan, mo rin mẹ́wàá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi láti orí ìka, ó gùn dé ìgúnpá. Mi ò jẹ́ dúró. Mo ní bí ó bá jẹ́ ìyà ni, mo gbà á. Omi ń jáde lójú mi, mi ò lè fọwọ́ nù ún.

Jùbrílù wọlé láti ibi iṣẹ́. Ó rí mi nílẹ̀ níbẹ̀, ó dúró sójú kan.

Ìyá Bùsírá ń da agbàdo sínú abọ́, kò gbórí sókè.

"Jùbrílù, kí lò ń wò? Ṣé o ò rí i ni? Mú epo pupa níbẹ̀ yẹn, kí o fi pa ìyàwó rẹ lọ́wọ́, kó tó họ ara rẹ̀ bó."