Ẹni Tí Ó Gbin Irun sí Ojú Àpá

Láti ojú oórì ni wọ́n ti gbóòórùn ìkòkò tó ń jóná.

Syombua ló kọ́kọ́ gbé orí sókè. Ó kúnlẹ̀ síwájú òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí: Katunge, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ó pé ọdún méjì lọ́jọ́ náà tí ó ti kú. Àwọn ẹbí ṣì ń kọrin ìjọ. Wọ́n ti fi àlejò kan sílẹ̀ nílé kí ó máa ṣọ́ ìkòkò muthokoi, àgbàdo bíbó pẹ̀lú ẹ̀wà, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹbí wọn nìyẹn: ní ọjọ́ ìrántí, ẹni tí kì í ṣe ìbátan ni ó ń jókòó ti iná, kí gbogbo ìbátan lè lọ sí ojú oórì. Kirimi ni àlejò ọjọ́ náà. Ó mú búrẹ́dì méjì àti ṣúgà wá. Ó tilẹ̀ sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí Syombua sáré dé ilé, ìkòkò ti dúdú, iná ṣì ń jó, kò sí Kirimi. Nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà ní títàn, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Dísíkì tí ó máa ń gbé kọ́ sára ògiri nínú àpò aṣọ ti lọ. Ó yà sí ilé ìdáná. Agolo ìyẹ̀fun àgbàdo dojú dé nílẹ̀, ìyẹ̀fun fọ́n ká, dísíkì kejì tí ó rì sí ìsàlẹ̀ agolo náà kò sí mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa agolo yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í han Kirimi, nígbà tí ó ń kọ́ ọ níṣẹ́.

Iṣẹ́ irun ni Syombua ń ṣe. Orí ènìyàn ló ti kọ́kọ́ ń ṣe é, nínú ṣọ́ọ̀bù ìdirun kan ní Machakos, kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń gbin irun sára ẹranko inú kọ̀ǹpútà. Á gbin irun atọ́nà díẹ̀díẹ̀, á fi òòyà tí kò ṣeé dì mú yà wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun yòókù á sì tẹ̀ lé ọ̀nà tí àwọn yẹn bá dojú kọ. Àwọn onífíìmù kan ní Nairobi ń wá ẹni tí yóò ṣe ọmọ ẹdun fún fíìmù wọn, ẹdun dúdú tí irun funfun gígùn bò léjìká àti lórí. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà ni kí oníkálukú kó tirẹ̀ wá.

Ọdún méjì ni Syombua fi ṣe ẹdun tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Katunge ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé orí ẹranko náà, kò wo àwòrán ẹdun mọ́. Orí ọmọ rẹ̀ ló ṣe. Ó ṣe ìyípo irun méjì tó wà ní àtàrí Katunge, ọ̀kan ń yí sí ọ̀tún, èkejì ń yí sí òsì. Ó ṣe àpá tó wà ní òkè etí òsì, níbi tí ujì, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, ti dà sí i nígbà tí ó ń rákò, tí irun kò hù síbẹ̀ mọ́ láéláé. Àpá náà tó ewé ẹ̀wà kan. Ó fi pamọ́ sábẹ́ irun funfun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ bá ti sú u, á ya irun náà sẹ́yìn, á wo àpá, á tún fi irun bò ó.

Orí yẹn ni Kirimi gbé lọ.

"Kí ni wọ́n jí?" ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì bi í.

"Irun."

"Wíìgì?"

"Irun ẹdun."

Ọlọ́pàá náà fi bírò lélẹ̀. "Ẹdun náà dà, Mama?"

"Kò sí ẹdun. Inú kọ̀ǹpútà ló wà."

Ọlọ́pàá kejì bú sẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi: ẹdun tí kò sí, irun rẹ̀ ti sọnù. Kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání."

Obìnrin kúkúrú kan jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀rín wọn dúró. Inspẹ́kítọ̀ Adongo ni, òun ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà lu jìbìtì fún. Ó fa àga kan, ó jókòó ti Syombua.

"Ta ló jí i?"

"Kirimi. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Yóò gbé e lọ fún àwọn onífíìmù ní Nairobi lọ́jọ́ Ẹtì. Yóò ní òun ló ṣe é."

"Ọ́fíìsì rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti débẹ̀. Ó ti kó jáde. Fóònù rẹ̀ kò wọlé."

"Báwo la ṣe máa rí i?"

"Kò lè dá a ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan," Syombua ní. "Kí ẹdun náà tó lè fò lójú fíìmù, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kan irun kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan á fi oṣù kan ṣe é. Ọjọ́ márùn-ún péré ni Kirimi ní. Ó gbọ́dọ̀ yá àádọ́ta ẹ̀rọ."

"Mélòó ni àwọn tó ní irú rẹ̀ ní Kenya?"

"Wọn kò pọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ní ọjọ́rú, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jelimo gbé fóònù ní Nakuru, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹdun olórí funfun? Ó ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kẹta, ó ń jẹ sapátì. Ẹ tètè máa bọ̀. Mo máa sọ fún un pé iná ń ṣe ségesège."

Ẹ̀yìn ilé onítáyà kan ni iyàrá Jelimo wà. Ooru ẹ̀rọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, fáànù ń hó bí omi odò. Sapátì tí wọ́n bù jẹ wà lórí tábìlì. Tíì ṣì ń rú èéfín. Fèrèsé ilé ìgbẹ́ wà ní ṣíṣí.

Adongo ti bá fèrèsé náà jáde kí Jelimo tó la ẹnu. Ó sáré kọjá àárín àwọn táyà, ó rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tó ń yí padà, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan ìrù ọkọ̀ náà. Bàtà rẹ̀ kan já. Ó ṣubú sínú eruku. Ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí ó tiro wọlé, Syombua jókòó níwájú ẹ̀rọ kẹta, kò mira. Orí ẹdun náà kún ojú gíláàsì, ó ti parí títí dé imú. Ó ti ya irun funfun sẹ́yìn ní òkè etí òsì.

"Kí lẹ rí?" Adongo béèrè.

"Ó ti gbin irun sí i."

"Síbo?"

Syombua sọ ti àpá náà fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ni, ó sì tutù.

"Ẹ má mú un lójú títì, Inspẹ́kítọ̀."

"Kí lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn ènìyàn pé òun ló ni orí yẹn. Kí ó sọ ọ́ dáadáa. Kí ó má rí ibi gbà sá."

Adongo nu eruku orúnkún rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá mú un báyìí, ẹnì méjì ni yóò máa jà sí dísíkì kan ní kóòtù. Kí ó tó dáhùn, fóònù Syombua dún.

"Ìyá Katunge, ẹ kú ìrọ́jú."

"Kirimi."

"Ẹ lọ gba ẹjọ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Dísíkì méjèèjì. Adágún Nakuru nìyí níwájú mi, ṣé ẹ ń gbọ́ àwọn ẹyẹ?"

"Mò ń gbọ́."

"Kí lẹ tilẹ̀ fẹ́ fi ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí wò ó? Mo tilẹ̀ ti bá yín tún àṣìṣe yín ṣe. Òkè etí òsì, ẹ gbàgbé ibẹ̀, ó pá gbẹrẹdu. Ẹ ṣeun ló yẹ kí ẹ sọ."

Adongo, tó fi etí ti fóònù náà, wo ojú Syombua.

"O ṣeun," Syombua dáhùn. "Má pa á rẹ́. Màá gba ẹjọ́ náà kúrò lónìí."

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, kò mọ̀ pé òun ti purọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Irọ́ yìí dùn lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀sán gangan, gbọ̀ngàn àwọn onífíìmù ní Nairobi kún. Tíì àti mandasi díndín wà lórí tábìlì. Kirimi wọ kóòtù aláwọ̀ aró, ó ń rẹ́rìn-ín sọ́tùn-ún sósì. Ẹdun náà fò láti ẹ̀ka kan sí ẹ̀ka kejì lójú ògiri, afẹ́fẹ́ gba abẹ́ irun funfun rẹ̀, àwọn ènìyàn sì mí kanlẹ̀.

Bàbá Mwangola, olórí àwọn onífíìmù náà, fi igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ lu ilẹ̀. "Ta ló gbin irun yìí?"

"Èmi nìkan, bàbá. Ọdún mẹ́ta gbáko."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Kò sí irun kan níbẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo gbìn ín."

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn òpó. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Nígbà tí Kirimi rí i, ẹ̀rín rẹ̀ dúró sí ẹnu, kò mọ ibi tí yóò gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," Syombua wí, "kí ó gé irun orí ẹdun náà kanlẹ̀, ká rí awọ ara."

"Obìnrin yìí ń jowú mi," Kirimi sọ. "Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀ kú, orí rẹ̀ kò pé mọ́."

"Gé e," Mwangola wí.

Kirimi tẹ ẹ̀rọ. Irun funfun náà kúrú, ó kúrú sí i, ó tán. Àpá kan wà ní òkè etí òsì, ó wú díẹ̀, etí rẹ̀ ṣe wíńníwínní bí etí ewé.

"Kí nìyẹn?" Mwangola béèrè.

"Àpá ni. Ẹdun náà bá... ó bá àṣá jà."

"O kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́rú," Syombua wí. "O ní mo gbàgbé ibẹ̀ ni, pé o bá mi tún un ṣe. Bí ìwọ lo fi àpá síbẹ̀, kí ló dé tí o tún gbin irun sí i?"

Kirimi yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Syombua rìn síwájú, ó fi àwòrán kan sọ́wọ́ Mwangola. Àwòrán ilé ẹ̀kọ́ ni, àwọn olùkọ́ ti ní kí gbogbo ọmọbìnrin fá orí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Katunge tẹrí ba, ó ń kàwé. Bàbá arúgbó náà wọ gíláàsì rẹ̀. Ó wo àwòrán, ó wo ògiri, ó tún wo àwòrán. Ìyípo kan sí ọ̀tún. Ìyípo kan sí òsì. Àpá.

"Ta ni ọmọ yìí?"

"Katunge ni. Ọmọ mi ni. Ọjọ́ tí à ń ṣe ìrántí rẹ̀, tí mo kúnlẹ̀ sójú oórì rẹ̀, ni ọkùnrin yìí jókòó ti ìkòkò mi, tó jí orí rẹ̀ gbé."

Àga kan ṣubú: Kirimi ti ń sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Adongo ló ṣí ilẹ̀kùn náà fún un láti òdìkejì, ó sì gbá a mú ní ọrùn kóòtù.

"Lónìí," Adongo wí, "bàtà mi le."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìbéèrè náà kò pẹ́.

"Dísíkì dà?"

"N kò mọ̀."

"Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Àwòrán wà níbí. Jelimo wà níta, ó ṣe tán láti sọ̀rọ̀. Dísíkì dà?"

Kirimi wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Abẹ́ táyà ìpààrọ̀, ní ẹ̀yìn ọkọ̀ mi."

"Ta ló fi dísíkì inú agolo ìyẹ̀fun hàn ọ́?"

"Òun ni."

"Ọjọ́ wo lo pinnu?"

"Ọjọ́ tí ó pè mí sí ìrántí náà. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn á jáde." Ó yíjú sí Syombua, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Katunge, ẹ dárí jì mí. Onígbàgbọ́ ni yín."

"Bẹ Ọlọ́run. Ó lè ṣe tán," Syombua dáhùn. "Èmi kò tíì ṣe tán."

Nígbà tí wọ́n mú dísíkì méjèèjì dé láti inú ọkọ̀ náà, ó gbé kọ̀ǹpútà kan síwájú Kirimi, ó ṣí orí ẹdun náà sí òkè etí òsì. "Tú irun tí o gbìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Kirimi wo Adongo.

"Ara ìjẹ́wọ́ rẹ nìyẹn," Adongo wí. "Fi èyí tó jẹ́ tìrẹ hàn wá." Ó de ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ àga, ó fi ọ̀tún sílẹ̀ fún un.

Irun atọ́nà mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ ló gbìn síbẹ̀. Ó fa àkọ́kọ́ tu.

"Pe orúkọ rẹ̀," Syombua wí.

"Orúkọ ta?"

"O mọ̀ ọ́n. O jẹun nílé rẹ̀."

"Katunge," Kirimi wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lọ. Bí ó bá fa ọ̀kan, á pe orúkọ. Nígbà tí ó dé ogójì, ohùn rẹ̀ ha. Nígbà tí ó dé ọgọ́rùn-ún, ó ń sunkún, ẹkún yìí kò sì jọ ti ẹnu ọ̀nà ọjọ́ ìrántí rárá. Adongo bi Syombua bóyá ó tó. Syombua jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan, ó ń tẹ̀ lé ìka ọkùnrin náà bí ìyá ṣe ń wo ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Irun ìkẹyìn jáde. Àpá náà hàn gbangba.

Ìgbà náà ló dìde. Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Kirimi, ó wo àpá náà pẹ́, ó sì rọra ya irun funfun bò ó padà. Ó di dísíkì méjèèjì sí etí gèlè rẹ̀. Wọ́n ti mú Kirimi lọ sí àtìmọ́lé kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Kò bojú wẹ̀yìn.

Mwangola pè é lọ́jọ́ kejì pé ẹdun náà ni àwọn mú, òun ni yóò sì ṣe irun gbogbo ẹranko inú fíìmù náà. Ó béèrè bóyá kí wọ́n mú àpá náà kúrò.

"Rárá," Syombua wí. "Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ní ọjọ́ Àìkú, ó fi yanrìn fọ ìkòkò náà títí ó fi funfun, ó gbé muthokoi kaná. Àwọn ẹbí tún gòkè lọ sí ojú oórì, nítorí wọn kò jẹun ìrántí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò pe àlejò kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti iná, tí ó ń rò ó, tí ó ń gbọ́ orin wọn láti òkè.

Kò jóná.