Ilé Tí Eruku Bò

Ẹṣin ni olùkọ́ náà kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin tó gbé e. Orí ẹṣin ọ̀hún ti wọlé, ọrùn rẹ̀ ti wọlé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin há sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún tó wà nínú yàrá jẹ́lé-ó-sinmi náà sì pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ẹṣin ń làágùn. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ló jẹ̀bi.

"Ẹ dákun, Àǹtí, ẹ bá mi di etí mú, kẹ́ ẹ fà á díẹ̀."

"Etí ta ni?"

"Etí ẹṣin ni o. Mi ò lè ní kẹ́ ẹ fa tèmi lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ ríra."

Olùkọ́ náà fẹ́ fajú ro, nítorí àárín ẹ̀kọ́ ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó di etí ẹṣin mú, ó fà á, ẹṣin wọlé.

Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Ilẹ̀kùn àti àga ló ń kàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun òpópó yẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ pé kóun máa ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Oṣù méjì gbáko ló fi gbẹ́ ẹṣin náà. Ó bẹ olùkọ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ bá òun dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó tún gbé àpò ègé pákó kan kalẹ̀ sí ìdí ògiri, èyí tó fi ti ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà ṣubú lọ́nà. Ó ní òun á padà wá kó ìyẹn.

Olùkọ́ yìí ní ìṣe kan tí kì í yẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Tí àwọn òbí bá ti kó ọmọ wọn lọ tán, á fọ ọwọ́, á nù ún gbẹ, á wá máa fi ìka gba orí gbogbo ohun ìṣeré tó wà nínú yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò léruku, a jẹ́ pé àwọn ọmọ ń lò ó. Èyí tó bá léruku lọ́sẹ̀ méjì léra, inú páálí ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń lọ, kí ẹni tó bá wù mú un. Kì í gbọ́ àwáwí. Mọ́tò kan wà tó ń kọrin, tó ń tan iná pupa àti búlúù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sáré tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹrù páálí. Bọ́ọ̀lù tó ti bó lára, agolo wàrà tí wọ́n fi ń dáná irọ́, àti ọmọláńgidi aláṣọ tí imú rẹ̀ ti já, ọdún kẹrin wọn nìyí, eruku ò tíì ráyè bà lé wọn. Àwọn òbí ti sọ olùkọ́ ní Àǹtí Eléruku, kò sì bínú sí i.

Ó ní ohun tó fà á. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, wọ́n ra ọmọláńgidi kan fún un, onírun gígùn tó ń ṣẹ́jú. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ní èyí ti rẹwà jù fún ọmọdé láti bà jẹ́, ó bá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ìta gíláàsì ni ọmọ náà ti ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi dàgbà. Ibẹ̀ ló ṣì wà dòní, ó sì ṣì ń dun olùkọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, káfíńtà dé. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́.

"Ẹṣin mi ńkọ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa lórí ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré. Ó fi ìka gba ẹ̀yìn ẹṣin, ó sì na ìka náà sí i.

"Ẹṣin yín dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ló lè gùn ún lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù á máa sunkún. Ẹni tó wà lórí ẹ̀ náà á mì síwá, á mì sẹ́yìn, ó tán. Láti Ọjọ́rú la ti ń sá tówẹ̀lì sí i lọ́rùn."

Káfíńtà fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ má tíì sunkún," olùkọ́ wí. "Ẹ wá wo nǹkan."

Ó mú un lọ sí ìdí ògiri. Ègé pákó inú àpò ti di òpópó, ó ti di afárá, ó ti di ilé alájà mẹ́ta. Ọ̀kan ti di fóònù, wọ́n ti fi kíréyọ̀nù kọ nọ́ńbà sí i lára. Wọ́n fi áńkáṣíìfù wé òmíràn tọrùn tọrùn, ó ń sùn.

"Ọmọ tuntun nìyẹn," olùkọ́ wí. "Ẹ rọra, ẹ má jí i. Tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ fẹ́ kó wọn lọ, ogun lẹ dá sílẹ̀."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀, ó wo ègé pákó tó ń sùn náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èyí tí mo fi oṣù méjì ṣe, wọ́n fi í sá tówẹ̀lì. Èyí tí mo fẹ́ẹ́ fi dáná, wọ́n ń gbé e pọ̀n! Àǹtí, ẹ kọ́ mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́."

Àwọn ọkùnrin tí olùkọ́ ti sọ òótọ́ fún rí, inú ló máa ń bí wọn. Èyí bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Nǹkan kan sọ kúlú láyà olùkọ́, ó sì yára wo ibòmíràn.

Bí ó ṣe di pé káfíńtà ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Ó kó ègé pákó náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dán wọn kí wọ́n má baà gún ọmọ lọ́wọ́, ó ń kó wọn padà. Ó tú ẹṣin palẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan àpótí ìjókòó kékeré kan fún olùkọ́, torí ó ti ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà ló ń lóṣòó láàárín àwọn ọmọ. Ọ̀dà ẹṣin ṣì wà lẹ́sẹ̀ àpótí náà kan. Olùkọ́ gbé e lọ han ìyá rẹ̀ nílé, bí ìyá ṣe jókòó lé e báyìí, kò fi í sílẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kẹsàn-án, káfíńtà gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" dípò "Ṣé ẹ ti jẹun?" Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.

Ìyá ni kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ káfíńtà sétí. Ọkùnrin kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré ńlá, òun ló gbé mọ́tò tó ń kọrin yẹn wá. Oníbátìrì ni olùkọ́ ń pè é lẹ́yìn. Ìyá ti ń pè é ní àna mi.

"Ọmọ mi, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ń wá ẹ, ìwọ ń tẹ̀ lé onípákó."

"Màmá, orí pákó ẹ̀ náà lẹ jókòó sí tẹ́ ẹ ti ń bú u."

"Àpótí nìyí. Mi ò sọ̀rọ̀ àpótí, ọ̀rọ̀ ọkọ ni mò ń sọ!" Ìyá sì ń bá súẹ́tà tó ń hun lọ.

Ní oṣù kẹfà tí wọ́n ti mọra, káfíńtà gbé nǹkan kan wá tó fi aṣọ bò. Nígbà tó ṣí i, olùkọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ilé kan ni, ilé pákó oníyàrá mẹ́rin, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ń ṣí tó ń tì, bẹ́ẹ̀dì wà, tábìlì wà. Àwọn fèrèsé rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Olùkọ́ ti sọ ọ́ nígbà kan rí pé tóun bá ní ilé, òun á fẹ́ fèrèsé tí ọmọ tó ń rá lè fi wo ìta.

"Tìrẹ ni, ìwọ àtàwọn ọmọ," káfíńtà wí. "Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tó o bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, kó o fún mi lésì."

"Èsì kí ni?"

Ó họ etí. "Wàá rí i."

Olùkọ́ wò ó títí lẹ́yìn tó lọ. Ó rántí ọwọ́ méjìlélọ́gbọ̀n tó ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọwọ́ tó kún fún bísíkíìtì àti kíréyọ̀nù, ẹ̀rù sì bà á. Ó gun àga, ó gbé ilé náà sí orí pẹpẹ tó ga jù, níbi tí gbogbo ènìyàn á ti máa rí i. Nígbà tí káfíńtà padà wá, ó sọ fún un tọkàntọkàn pé òun ò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Káfíńtà dúró, ó ń retí ọ̀rọ̀ tó kù. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kẹta, òbí kan dá olùkọ́ dúró níta. Nígbà tó wọlé, ó bá káfíńtà lórí àga, ìka rẹ̀ lókè. Ìka náà funfun fún eruku.

"Ó ti yé mi," káfíńtà wí jẹ́jẹ́.

"Kí ló yé ẹ?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí. Ẹ ò tiẹ̀ ṣí i." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dá àga padà sí àyè rẹ̀. "Òfin yín ni, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò burú."

Ó lọ. "Ẹ" àti "Àǹtí" tó padà sọ yẹn dun olùkọ́ ju ohun gbogbo lọ. Kò wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbàkígbà tí olùkọ́ bá sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, àgádágodo ló ń bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá hàn sí i gbangba pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí dé egungun, àti pé òun lè ti pàdánù rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sunkún, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi gbé ilé náà sókè?" ìyá bi í.

"Kí wọ́n má baà bà á jẹ́ ni, Màmá. Ó ti rẹwà jù."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gbójú sókè. Àwọn méjèèjì wo kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà lódìkejì.

"Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn," ìyá wí. Ó gbé súẹ́tà sílẹ̀. "Mi ò ní ọmọláńgidi kankan rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo rò pé tí mo bá tì í pa, wàá ní in pẹ́. Àṣé o ò ní in rárá. Má bínú sí mi."

Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ọmọláńgidi onírun gígùn lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó tún bojú wo àpótí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó lé nǹkan yìí, kò mì rí. Mọ́tò Oníbátìrì, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò. Lọ gbé ilé yẹn sílẹ̀ fáwọn ọmọ, kó o sì wá ọkọ ẹ lọ."

Ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ gbé ilé náà sí àárín yàrá, ó sì gbé ọmọláńgidi onírun gígùn tì í. Àwọn ọmọ ya bò ó. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá dún kọ́ọ́, àyà olùkọ́ á já, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wọ́n. Ilẹ̀kùn kan já. Ẹnì kan fi bísíkíìtì sórí tábìlì, ó ní oúnjẹ ti délẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin tó kéré jù láàárín wọn rìn wá.

"Àǹtí, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn."

Kọ́kọ́rọ́ gidi ni, ti ilẹ̀kùn gidi, wọ́n fi okùn so ìwé kékeré mọ́ ọn. Pẹ́ńsù káfíńtà ni wọ́n fi kọ ọ́: *Ilé yìí wà lóòótọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ ọ. Àwọn fèrèsé rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ṣé wàá bá mi gbé ibẹ̀?*

Olùkọ́ fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìbéèrè yìí ti wà lókè orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ara tù ú pẹ̀sẹ̀, ọmọ kan sì fún un ní bísíkíìtì tó ti bù jẹ kó fi pa ẹkún.

Nígbà tí ilé ìwé parí, ó gbé ilé náà, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ṣí lọ́jọ́ náà. Àfi bó ṣe kù díẹ̀ kó wọlé tí ilé há sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dákun, Ọ̀gá," ó ké láti ẹ̀yìn ilé náà, "ẹ bá mi di òrùlé mú, kẹ́ ẹ fà á díẹ̀!"

Káfíńtà ju òòlù sílẹ̀. Ó fa ilé náà wọlé, ó wo ilẹ̀kùn tó já, ó wo kíréyọ̀nù tó wà lára ògiri, ó wo ọmọláńgidi onírun gígùn tí wọ́n ká kò sínú yàrá tó kéré jù. Ó fi ìka gba òrùlé. Ṣúgà ló lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i," olùkọ́ wí. "Mo tì í pa bí Màmá ṣe ti ọmọláńgidi mi yìí pa. Mi ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀ títí di òní. Mo tọrọ àforíjì." Ó la ọwọ́, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. "Mo wá fún ẹ lésì."

Káfíńtà wo kọ́kọ́rọ́ náà. "Kí ni èsì náà?"

"Kó o tún ilẹ̀kùn tó já ṣe fáwọn ọmọ mi. Lẹ́yìn náà, kó o mú mi lọ síbi tí kọ́kọ́rọ́ yìí ń ṣí. Mo fẹ́ẹ́ wo ilé wa."

Káfíńtà jókòó lé orí pákó, ó mí kanlẹ̀. "Olólùfẹ́, mo ti rò pé inú páálí lo máa sọ mí sí."

"Páálí ò lè gbà ọ́," olùkọ́ fèsì, ó sì jókòó tì í.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyá jókòó níwájú gbogbo ènìyàn lórí àpótí rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ àga mìíràn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, ọ̀sán ń lọ, oòrùn ń gba ojú fèrèsé ilé wọn tó lọ sílẹ̀ wọlé. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyàwó rẹ̀ fọ ọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó wá fi ìka gba èjìká rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kí lò ń wá?"

"Eruku."

Káfíńtà tẹjú mọ́ ìka náà. "Mo rí i, ó wà níbẹ̀."

"Lẹ́búlẹ́bú pákó nìyí," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ìyẹn yàtọ̀." Ó sì gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un.