Mànàmáná Fẹ́ Sáré

Ní àárọ̀ Sátidé, Àpèkẹ́ fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Fìrì!

Òní ni ẹṣin tuntun máa dé!

Àǹtí Folúkẹ́, àbúrò màmá rẹ̀, ló ni ẹṣin náà. Àǹtí máa ń gbé àwọn ọmọdé gun ẹṣin lórí pápá kan ní Festac, nítòsí ilé Àpèkẹ́.

Ẹṣin wọn ti tẹ́lẹ̀ ti darúgbó. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, bíi bàbá àgbà Àpèkẹ́.

Píìmù! Píìmù! Kò pẹ́ tí Àpèkẹ́ dé pápá, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Bọ̀dá Akínfẹ́nwá, tó ń bá Àǹtí tọ́jú ẹṣin, ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Pàkà! Pàkà! Pàkà! Ẹṣin pupa kan sọ̀kalẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ funfun báláú. Etí rẹ̀ nà ṣánṣán.

"Hííín-hín-hín!"

"Yéè! Ó mà rẹwà o!" ni Àpèkẹ́ pariwo. "Kí lorúkọ ẹ̀, Àǹtí?"

"Mànàmáná ni."

Àǹtí di Mànàmáná ní gàárì. Ó gun orí gàárì.

Mànàmáná fò sókè. Hó-ò! Ó tàpá. Pá! Ó gbé ìdí sókè. Hún!

Àǹtí fò bíi bọ́ọ̀lù. Gbìì! Inú ẹrọ̀fọ̀ ló balẹ̀ sí.

"Àǹtí! Ṣé ẹ ò fara pa?"

"Rárá o. Aṣọ mi nìkan ló jìyà."

Bọ̀dá Akínfẹ́nwá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Ó kàn mí."

Mànàmáná fò. Ó tàpá. Ó gbé ìdí sókè. Gbìì! Bọ̀dá náà ti wà nínú ẹrọ̀fọ̀.

Àǹtí mi orí. "Ó le jù. Àwọn ọmọdé ò lè gun eléyìí. Tí ọkọ̀ yẹn bá ń padà lọ lọ́la, màá dá a padà."

Àpèkẹ́ di aṣọ Àǹtí mú. Pà! "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má dá a padà!"

Wọ́n tú gàárì. Wọ́n mú Mànàmáná wọ ilé ẹṣin. Àpèkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Mànàmáná fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Kùrà, kùrà. Ó yọ orí síta, ó wo pápá. Ó tún ha ilẹ̀. Kùrà, kùrà.

"Bọ̀dá, ibo ló ti ń bọ̀?"

"Láti Kánò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dúró nínú ọkọ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta! Kò sáré rárá?"

"Níbo ló ti máa ráyè sáré?"

Àpèkẹ́ ronú. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, tí ìwàásù bá gùn, ẹsẹ̀ Àpèkẹ́ máa ń yún un. Tí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, fìà! Ó máa sáré yí ṣọ́ọ̀ṣì po lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó lè jókòó nínú mọ́tò.

"Àǹtí! Àǹtí! Mo ti mọ̀ ọ́n! Kì í ṣe pé ó burú. Ẹsẹ̀ ló ń yún un! Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sáré!"

Àǹtí wo Bọ̀dá. Bọ̀dá wo Àǹtí. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí gbọ́n jù wá lọ," ni Àǹtí wí.

Bọ̀dá so okùn gígùn mọ́ ìjánu. Ó dúró sáàárín pápá, ó di okùn mú. "Ó yá, Mànàmáná!"

Pàkà-pàkà-pàkà-pàkà! Mànàmáná sáré yí pápá. Irù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Sáré! Sáré!" Àpèkẹ́ ń pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọmọ àdúgbò tú jáde. "Sáré! Sáré!"

Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mẹwàá!

Nígbà tó yá, ó dúró. Fùùùù! Ó mí kanlẹ̀. Etí rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

Àǹtí tún dì í ní gàárì. Ó gùn ún, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Gbogbo ọmọdé na ọrùn wò ó.

Mànàmáná gbé ìdí sókè díẹ̀. Hún!

"Yéè!"

Kíá, Àǹtí fa ìjánu sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹṣin yí bírí, bírí, lójú kan. "Jẹ́jẹ́, ọmọ dáadáa. Jẹ́jẹ́."

Mànàmáná gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé ìkejì.

"Ó ń rìn o! Ó ń rìn!"

Àǹtí gùn ún títí. Kò gbé ìdí sókè mọ́.

"Kò lọ síbì kankan mọ́. Tiwa ni!" ni Àǹtí wí. "Àràárọ̀ ló máa kọ́kọ́ sáré, kó tó gbé ẹnikẹ́ni. Ó yá, ọmọ wo ló máa kọ́kọ́ gùn ún?"

"Èmi!" Àpèkẹ́ ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹṣin.

Bọ̀dá dé akoto fún un. Ó gbé e sókè. Hó-ò-ò-pù!

Àǹtí di ìjánu mú, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Di gàárì mú dáadáa o."

"Mo ti dì í mú, mà!"

Yéè, ó ga! Àpèkẹ́ rí òkè fẹ́ǹsì. Ó rí òrùlé ilé wọn. Ó rí màmá rẹ̀ tó ń sá aṣọ.

"Mọ́mì! Ẹ wò mí lókè!"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. "Háà! Àpèkẹ́! Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni! Èmi àti Mànàmáná!"

Pàkà… pàkà… pàkà-pàkà-pàkà! Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kó lè bá wọn dọ́gba.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kó tún yára díẹ̀ sí i!"

Àpèkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí omi fi jáde lójú rẹ̀.