Ohun Tí Ó Kọ Tí Ó Sì Pa Rẹ́

Etí ni ọkùnrin kan fi lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí Olùtumọ̀ wọlé bá a. Ó dijú pinpin bí ẹni tó ń gbọ́ èémí aláìsàn, ó sì na ìka kan sókè pé kó má tíì sọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀rọ náà, nǹkan kan ń kànlẹ̀kùn: kọ, kọ, kọ.

"Wọlé, ọmọ mi," ni ìyá ọkọ Olùtumọ̀ dáhùn láti orí àga.

Ara ọkùnrin náà bù máṣọ. Atún-kọ̀ǹpútà-ṣe ni; Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ó pé ọdún mẹ́ta tí ọkọ Olùtumọ̀ ti kú. Nígbà tí àìsàn gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà yìí ló ti ń tẹ ohun tó bá fẹ́ sọ; tí wọ́n bá ti kà á tán, á pa á rẹ́. Ẹ̀rọ náà ni ìyàwó rẹ̀ wá ń lò báyìí láti túmọ̀ ìwé ńlá kan fún àwọn agbẹ̀bí. Ọdún méjì ló ti fi ṣe é, ó sì ku ọjọ́ mẹ́wàá tí yóò fi lé wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ti ń yọjú nínú iṣẹ́ náà. Níbi tó ti kọ bí wọ́n ṣe ń gba orí ọmọ mú, ohun tó bá níbẹ̀ láàárọ̀ ni: *Òtútù ń mú mi. Ẹ ti fèrèsé.* Ìyá gbà pé ọmọ òun ló ń kọ ọ́, òun náà ló sì ń kànlẹ̀kùn.

"Dísìkì tí iṣẹ́ yín wà lórí rẹ̀ ò tíì kú," ni Dókítà sọ. "Bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí rẹ̀ ló ń ṣìnà. Ẹ ní kó mú ojú ewé kan wá, ó lọ gbé èyí tí wọ́n ti pa rẹ́ tipẹ́."

"Kì í ṣe ọkọ mi ló ń kọ ọ́, àbí?"

"Òun ló kọ ọ́, màdáámù. Àmọ́ kì í ṣe nísinsìnyí." Ó wò ó. "Ṣé ẹ ní ẹ̀dà iṣẹ́ yín níbòmíràn?"

"Rárá."

"Ọdún méjì, ẹ̀dà kan ṣoṣo!" Ó di orí mú. "Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí, ńṣe ló ń ba ìyókù jẹ́. Ẹ jẹ́ ká da gbogbo ẹ̀ kọ, ká sì pa á."

Ìyá dìde, ó fi ara bo ẹ̀rọ náà. "O ò ní pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì."

"Ìyá, mi ò ní pa á láìjẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ní kí n pa á," ni Dókítà sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ irú bọ́ọ̀dù yẹn lára kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, ó sì fi rọ́pò èyí tó ń ṣìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ṣì ń kànlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán mẹ́jọ ló fi ń da iṣẹ́ náà kọ díẹ̀díẹ̀, Olùtumọ̀ sì ń jókòó tì í.

"Ṣé gbogbo aláìsàn lẹ máa ń dijú tì báyìí?" ni Olùtumọ̀ bi í.

"Tí ẹni tó ni ín bá rẹwà, mo gbọ́dọ̀ dijú kí n tó lè gbọ́ràn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà. Ìgbà kan wà tí kò mọ̀ pé òun ṣì lè rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, iṣẹ́ pé láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n Dókítà nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ náà. Ó ti rí nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò kà rí, èyí tí ọkọ náà tẹ̀, tó sì pa rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Olùtumọ̀ kà á fún Ìyá:

*Ìyá mi, ẹ ń jí mi lóòrèkóòrè kí ẹ lè mọ̀ bóyá mo ṣì ń mí. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sùn.*

Ẹ̀rọ náà kànlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá ò dáhùn. Ó fọwọ́ pa ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń fọwọ́ pa iwájú orí ọmọ, ó sì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.

"Sùn ire," ló sọ. Ó wá yíjú sí Dókítà. "Èmi àti ìyàwó ẹ̀ la ò jẹ́ kó sinmi. Ìyàwó ẹ̀ yìí, ọmọ mi ni. Má fi í ṣeré."

Olùtumọ̀ sin Dókítà dé ẹnu ọ̀nà.

"Mo ti ṣe ẹ̀dà mẹ́ta fún yín, màdáámù. Iṣẹ́ parí."

"Ṣé wàá padà wá lọ́la?"

Dókítà ṣàkíyèsí pé "ẹ" ti di "o". "Kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́."

Ọkùnrin náà gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Tó o bá ní kí n wá lọ́la, màá tún wá lọ́túnla, màá sì máa wá títí a ó fi darúgbó. Ṣé o gbà?"

Olùtumọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo gbà, olólùfẹ́ mi."