Ẹ̀rọ Tó Ń Lọ Òfìfo

Láàárọ̀, bí oòrùn bá ti yọjú díẹ̀ lókè òrùlé páànù, ìyẹ̀fun èlùbọ́ a máa léfòó bí ìkùukùu nínú ìsọ̀ Àlàájà Sàrátù. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ata, ọ̀kan fún èlùbọ́. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń lọ nǹkan fún àwọn ará àdúgbò ní Ẹdẹ. Bí bẹ́líìtì bá fẹ́ já, etí ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ni nǹkan kan ti ń dùn mọ́ ọn lára, tí kò lè ṣàlàyé. Tó bá ti di nǹkan bí aago mọ́kànlá, ara rẹ̀ a fúyẹ́. Ariwo ẹ̀rọ a dà bí ẹni pé òdìkejì odò ló ti ń wá. Ìyẹ̀fun tó ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ a dà bí ìyẹ́ lékeléke. Nígbà mìíràn, a rí ara rẹ̀ lọ́mọdé, létí odò Ọ̀ṣun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú omi tútù, tí eékún kankan kò dùn ún.

"Ọ̀rá ló ń yọ́," ló ń sọ fún ara rẹ̀.

Eékún yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Sàrátù ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó sanra, eékún rẹ̀ kò sì gbé e dáadáa mọ́. Ọdún méjì rèé tó ti ń kírun lórí àga. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá forí kanlẹ̀, òun a kàn tẹrí ba lórí ìjókòó. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó máa ń wo ẹní ìkírun yẹn bí ẹni tó ń wo ilé bàbá rẹ̀ láti òkèèrè.

Ìdí nìyẹn tí ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù ṣe wọ̀ ọ́ lára. "Ẹ̀yin ìyá wa," ni ohùn náà wí, "ẹ má jẹ tàárọ̀, ẹ má jẹ tọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, nírọ̀lẹ́, ó tó. Kí oṣù kan tó pé, ọ̀rá á sá lọ."

Sàrátù rẹ́rìn-ín. "Èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ààwẹ̀? Èmi tí mo ti ń gbà á láti kékeré?"

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti ṣàṣìṣe. Lóṣù Ràmàdáánì, ó máa ń jẹ sàárì, nọ́ọ̀sì a sì ti bá a tún àkókò oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ tò kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí kò ní sàárì, òun náà kò sì bi ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ gbé oògùn mì bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó fẹnu kan oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Ìyá Jibril, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, ru èlùbọ́ dé láti Sẹkọnà.

"Sàrátù, ọrùn rẹ ti ń yọ o! Ṣé ọkọ tuntun lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Tó bá dé, ìwọ ni wàá gbé àga fún un."

"Àbí! Ṣùgbọ́n ojú rẹ ń ṣe bàìbàì."

"Bàìbàì kẹ̀? Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń fò."

Ó da èlùbọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìyẹ̀fun gbéra, odò náà sì tún dé, ó mọ́ gaara, ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Sàrátù na ọwọ́ kó lè fi kan omi.

Kì í ṣe omi ló wà níwájú rẹ̀. Bẹ́líìtì tó ń sáré ni.

Ìyá Jibril di ìró Sàrátù mú, ó fà á sẹ́yìn, àwọn méjèèjì bá ara wọn nínú èlùbọ́. Òógùn ti bo Sàrátù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ìyá Jibril pa ẹ̀rọ, ó ké sí oníkẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Grace gún un níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀. "Ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀ jù." Nígbà tó rí i pé ó ṣì lè gbé nǹkan mì dáadáa, ó po ṣúgà sómi, ó fún un mu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún un yẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín.

Ayé ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fáànù ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ògiri, lẹ́yìn náà ojú Ìyá Jibril tó funfun báláú.

"Ta ló da èlùbọ́ sí ọ lójú?"

"Ìwọ ni, ẹyẹ tó ń fò!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó fa àga mọ́ra. "Màmá, tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ yín, tí ẹ ò da nǹkan kan sí i lẹ́nu ńkọ́?"

"Háà, irin á máa lọ irin ni. Kò ní pẹ́ bàjẹ́."

"Oògùn yín náà nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Kò mọ̀ pé ẹ ò jẹun. Tí kò bá bá oúnjẹ nílẹ̀, á dín èyí tí ọpọlọ yín ń lò kù. Ìfúyẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rá tó ń yọ́ o. Ebi ló ń pa ọpọlọ."

Sàrátù fọwọ́ pa eékún rẹ̀. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ forí kanlẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ ṣì máa forí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àgbà obìnrin bá ń febi pa ara rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ. Ẹran ara tó ń gbé eékún dìde náà ń bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká ní mo tú nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ yín dànù kó lè fúyẹ́ ńkọ́?"

"Á fúyẹ́," Sàrátù dáhùn pẹ̀lẹ́, "ṣùgbọ́n kò ní lè lọ nǹkan kan mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó yí oògùn rẹ̀ àti àkókò tó máa lò ó padà. Ó ní kó jẹ tàárọ̀, kó jẹ tọ̀sán, kó jẹ talẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó sì jẹ́ omi nìkan ló máa mu títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ó ní kó dín òkèlè kù, kó fi ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ kún un.

"Àga ìkírun yín ńkọ́?" ni Nọ́ọ̀sì Grace bi í. "Ẹ máa dìde lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́."

Ó pẹ́ o. Oṣù kìíní, kò rí nǹkan kan. Oṣù kẹta, bùbá rẹ̀ ti ń tóbi jù ú. Ní oṣù karùn-ún, lákòókò Àsárì ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ẹsẹ̀ àga náà mú, ó kúnlẹ̀ lórí eékún òsì, lẹ́yìn náà ti ọ̀tún. Iwájú orí rẹ̀ kan ẹní. Ẹní náà ń ta òórùn èlùbọ́. Kò sí odò, kò sí ìyẹ́ lékeléke. Gbogbo nǹkan mọ́ kedere, ó sì dùn ju àlá lọ.

Lẹ́yìn tó sálámà láti parí ìrun, ó tún forí kanlẹ̀ láti dúpẹ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ṣé o ti sùn lọ ni?" ni Ìyá Jibril kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Èlùbọ́ mi ń dúró dè ọ́ o!"

Ẹ̀yin ìyá wa, fífi àkókò sí oúnjẹ lè bá àwọn kan lára mu láti dín ara kù, ṣùgbọ́n ara kò jọra. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fo oúnjẹ, ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ lọ bi wọ́n ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín. Bí òógùn bá ń bò yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ojú ń ṣe bàìbàì, ẹ tètè mu omi ṣúgà, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ sì lọ rí nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ sáré gbé e lọ. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ mọ̀ pé a kì í tan án lófìfo.